Ẹ̀jẹ̀ O Kì Í Ṣe Ti Gbogbo Ayé

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ń gbọ́ ṣáá nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ láàbù ní Ìsọlọ̀. Bí wọ́n bá gbé ẹni tí mọ́tò gbá ní Òṣòdì dé, ẹnì kan nínú ẹbí á ti ká apá aṣọ sókè: "Ẹ fa tèmi fún un, O ni mí."

Ọ̀nà jíjìn lọ̀rọ̀ yìí ti wá. Ní 1901 ni Karl Landsteiner ní Vienna fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ àwa èèyàn ò rí bákan náà. Ní 1907, Reuben Ottenberg ní New York ń po ẹ̀jẹ̀ olùfúnni mọ́ ti aláìsàn wò kó tó fà á sí i lára. Kò pẹ́ sígbà náà tí wọ́n fi ń pe ẹni O ní olùfúnni gbogbo ayé.

Lórí táìlì funfun la ti ń rí irú ẹ̀jẹ̀ téèyàn ní. A ó kán ẹ̀jẹ̀ sójú mẹ́ta, ká kán omi àyẹ̀wò anti-A aláwọ̀ búlúù sí ọ̀kan, anti-B aláwọ̀ yẹ́lò sí èkejì, anti-D tí kò láwọ̀ sí ẹ̀kẹta, ká wá máa mi táìlì náà jẹ́jẹ́. Ẹ̀jẹ̀ A á ṣù jọ bí iyanrìn nínú búlúù. Ti O kì í ṣù nínú búlúù, kì í ṣù nínú yẹ́lò; ìyẹn ni wọ́n fi ń rò pé a lè fà á fún ẹnikẹ́ni.

Nínú àwa Yorùbá, bí ìdajì wa ló jẹ́ O. Ṣùgbọ́n anti-A àti anti-B, ohun tó ń bá sẹ́ẹ̀lì A àti sẹ́ẹ̀lì B jà, wà nínú omi ẹ̀jẹ̀ ẹni O fúnra rẹ̀, ti ọ̀pọ̀ èèyàn níbí sì le débi pé ó lè tú sẹ́ẹ̀lì pupa ẹni A tàbí B ká. Ní 1974, Sheila Worlledge, Lucio Luzzatto àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kọ̀wé lórí irú ẹ̀jẹ̀ tó wà ní Nàìjíríà àti ohun tó ń bá a jà.

Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára, torí odindi ẹ̀jẹ̀ la sábà ń gbé kọ́ síbí, tòun tomi rẹ̀. Crossmatch tí gbogbo èèyàn fọkàn tán, sẹ́ẹ̀lì olùfúnni ló ń pò mọ́ omi ẹ̀jẹ̀ aláìsàn. Kì í wo omi ẹ̀jẹ̀ olùfúnni rárá. Ẹ̀jẹ̀ O tó léwu lè yege níbẹ̀. Àyẹ̀wò mìíràn ló ń mú un: ká po omi ẹ̀jẹ̀ ẹni O mọ́ sẹ́ẹ̀lì A àti sẹ́ẹ̀lì B, ká gbé e síbi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ bí ara èèyàn. Bí omi tó wà lókè bá pọ́n, ẹni O nìkan la lè gbé ẹ̀jẹ̀ yẹn fún.