Ta Ló Ya Ọjà Wa? Kámẹ́rà ní Ilẹ̀ Ìgbómìnà

Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, ohun kan ṣoṣo ni a ń wá: fọ́tò ọjà Ìsánlú-Ìsin láyé àtijọ́, ká ní ogójì ọdún sẹ́yìn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Méjì nínú wa jẹ́ ọmọ ìlú náà. A ti rò ó lọ́kàn wa pé a ó kàn kí àwọn àgbà, a ó jókòó, wọn á gbé àpótí fọ́tò jáde, a ó sì fi fóònù ya èyí tó bá wù wá. Ọjọ́ mẹ́ta la lò lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n gbà wá tọwọ́ tẹsẹ̀, wọ́n fún wa lóúnjẹ, wọ́n sì gbé àpótí jáde lóòótọ́. A rí fọ́tò tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Ọjà kò sí nínú ẹyọ kan.

Ohun tó wà níbẹ̀ rèé: bàbá tó jókòó sórí àga, tó tẹ́ agbádá sílẹ̀, tó fi ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún. Ìyá tó wé gèlè, tó gbé báàgì sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀, tí bàtà rẹ̀ ń dán. Ọ̀dọ́kùnrin méjì tí wọ́n dá aṣọ kan náà. Ẹnì kan dúró ti kẹ̀kẹ́, òmíràn gbé rédíò mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ nínú wọn, kọ́tìnnì ni. Ojú pópó tí gbogbo wọn gbà dé ilé onífọ́tò kò yọjú rárá.

Ìyá kan tó ti ń ta irú àti iyọ̀ láti ìgbà ọmọge rẹ̀ fi wá rẹ́rìn-ín nígbà tí a béèrè fọ́tò ìsọ̀ rẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ yìí, ta ni yóò wọ aṣọ ọjà lọ ya fọ́tò?”

A rò pé àwàdà ni. Ìgbà tí a padà sí ilé-ìkàwé ni a rí i pé ìdáhùn yẹn ni ẹnì kan tí rin ìrìn-àjò láti òkè òkun wá bá ní ilẹ̀ Ìgbómìnà kí wọ́n tó bí wa.

Ní 1975, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Stephen Sprague wá sí Ìlá-Ọ̀ràngún. Ìgbómìnà ni Ìlá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé abẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ mìíràn ló wà. Ẹ mọ bí àlejò tó gbé kámẹ́rà kọ́rùn ṣe máa ń ṣe tó bá dé ìlú wa: yóò ya páànù tó ti dípẹtà, yóò ya obìnrin tó ru ẹrù, ọmọdé tó ń sáré tẹ̀lé e, àti ata tí wọ́n tò jọ lórí tábìlì. Àpilẹ̀kọ tí Sprague gbé jáde ní 1978 nínú ìwé ìròyìn African Arts kò dá lé ìwọ̀nyí. Àwọn onífọ́tò Yorùbá fúnra wọn ló kọ nípa wọn: ṣọ́ọ̀bù wọn, iṣẹ́ ọwọ́ wọn, bí wọ́n ṣe ń mú oníbàárà jókòó. Àkọlé rẹ̀ ti sọ ọ́ tán: fọ́tò Yorùbá, bí àwọn Yorùbá ṣe ń wo ara wọn. Ẹni tó wá wo ìlú yíjú sí àwọn tó ti ń wo ìlú kí òun tó dé. Lójú tiwa, nínú gbogbo àlejò tó gbé kámẹ́rà wọ ilẹ̀ Ìgbómìnà tí a ti kà nípa wọn, òun ló gbọ́n jù.

Ó ṣàlàyé ìjókòó tí ẹ̀yin náà ti rí lára ògiri ilé bàbá yín àgbà. Ẹni tí wọ́n ń yà á kọjú sí kámẹ́rà tààrà, ọwọ́ á wà lórí itan, aṣọ tó dára jù ló máa wọ̀, ara rẹ̀ á hàn láti orí dé bàtà, ojú kò ní rẹ́rìn-ín, kò sì ní le. Sprague rí i pé apá kan rẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó ayé Ọbabìnrin Victoria, apá kejì sì jẹ́ ìwà tí Yorùbá ń retí lọ́wọ́ àgbà. Ọ̀kan nínú wa tó ti lọ sí Èsìẹ́ rí ní ìjókòó náà jọ ti àwọn ère òkúta ibẹ̀. Ó jọ ọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n jíjọ kì í ṣe ẹ̀rí, àríyànjiyàn odidi alẹ́ kan ló sì kọ́ wa bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti mú wa dákẹ́ ni ti ìbejì. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó yà wọ́n pọ̀, onífọ́tò á ya èyí tó kù, á sì tẹ àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí pépà kan ṣoṣo, tí yóò fi dà bí ẹni pé àwọn méjèèjì jókòó ti ara wọn. Bó bá jẹ́ pé akọ àti abo ni wọ́n bí, wọ́n á wọ aṣọ ọkùnrin fún ọmọ náà, wọ́n á yà á, wọ́n á tún wọ aṣọ obìnrin fún un, wọ́n á tún un yà. Onífọ́tò tó bá mọṣẹ́ á bo ojú ibi tí àwòrán méjèèjì ti pàdé. Ẹ rántí pé kò sí kọ̀ǹpútà nínú ọ̀rọ̀ yìí o. Nínú yàrá tó ṣókùnkùn, pẹ̀lú omi kẹ́míkà àti ọwọ́ tó mọ ohun tó ń ṣe, ni wọ́n ti ń ṣe é. Àwọn agbẹ́gilére Ìgbómìnà ti ń gbẹ́ ère ìbejì tipẹ́. Kámẹ́rà wá gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ọ̀bẹ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Lawal, nínú àpilẹ̀kọ kan ní 2001, tú “àwòrán” sí ohun tí à ń wò láti rántí. Ìya ìbejì tó ń wo irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ kò nílò ẹni tí yóò túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún un.

Nítorí náà, ẹni tó bá ní àwọn bàbá wa kò bìkítà nípa ìtàn ti ṣì wọ́n gbọ́. Ohun tí wọ́n ń tọ́jú ni ènìyàn. Ọjà á tún ná lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, kí ni ẹnikẹ́ni fẹ́ fi fọ́tò rẹ̀ ṣe?

Àlejò kọ́ ló ń ro bẹ́ẹ̀ ṣá. Ẹ jẹ́ ká mú Èsìẹ́ tó jẹ́ ará ilé wa. Ní 1933 ni H. G. Ramshaw, tó ń bójú tó ilé-ẹ̀kọ́ fún ìjọ CMS, mú ìròyìn àwọn ère òkúta tó wà nínú igbó ibẹ̀ jáde sétí ìjọba. J. D. Clarke tó ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Òmù-Àrán kọ nípa wọn ṣáájú kí ọdún mẹ́wàá náà tó parí. Ní 1945 ni wọ́n ṣí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Èsìẹ́, èyí tó jẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ní 1978 ni ìwé Phillips Stevens lórí àwọn ère náà jáde, tòun ti fọ́tò wọn. Àwọn ère yìí lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Ẹ lè rí irun orí wọn, ilà ojú wọn, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń wá obìnrin tó ń ta gààrí ní ọjà Èsìẹ́ ní ọdún kan náà, ẹ ó wá a tì. A kò sọ pé kí wọ́n má ya òkúta. Ohun tí wọ́n bá jí gbé lọ́la, fọ́tò ni a ó fi mọ̀ ọ́n. À ń sọ ibi tí ojú kámẹ́rà wò ni.

Ààlà ìjọba náà dá kún un. Láti ayé òyìnbó ni wọ́n ti pín Ìgbómìnà sí Àríwá àti Gúúsù. Nígbà tí Sprague dé, Ìlá wà ní Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn (Ọ̀ṣun ni lónìí), Ìsánlú-Ìsin sì ti wà ní Kwara láti 1967. Ọmọ Ìlá lè rí iṣẹ́ àwọn ará ìlú rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn tí wọ́n tẹ̀ ní California. Àwa kò rí tiwa.

Kì í sì í ṣe pé Yorùbá kò mọ ìrìn-àjò pẹ̀lú kámẹ́rà. George da Costa, tó fi ilé ìtàwé CMS ní Èkó sílẹ̀ ní 1895 láti máa ya fọ́tò, ya iṣẹ́ ọ̀nà rélùwéè títí dé òkè Ọya. Érika Nimis, òpìtàn ará Faransé, kọ odidi ìwé kan ní 2005 nípa àwọn onífọ́tò Yorùbá tó tẹ̀lé àwọn oníṣòwò wa lọ sí Niger, Burkina Faso àti Côte d'Ivoire, tí wọ́n ń ya onílé àti àlejò níbẹ̀. Ìsọ̀ wọn máa ń wà lẹ́bàá ọjà. Síbẹ̀, inú ṣọ́ọ̀bù ni kámẹ́rà kọjú sí.

Ẹni tó jáde sí ojú pópó gan-an ni J. D. 'Okhai Ojeikere. Láti 1968 ló ti ń ya irun dídì tó bá rí lórí àwọn obìnrin ní ìgboro, ní ibi iṣẹ́, ní òde ìnáwó, ó sì ń kọ orúkọ irun náà sílẹ̀. Iṣẹ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,000 kó tó kú ní 2014. A fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn orí ló sábà máa ń yà, òun náà sì yọ ìgboro kúrò lẹ́yìn wọn. Orúkọ irun wà níbẹ̀. Ẹni tó ni orí ńkọ́?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn wá jù ni ti fíìmù. Ọmọ onífọ́tò kan ní agbègbè wa sọ fún wa pé páálí mẹ́rin ni bàbá òun fi sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ fíìmù dúdú-funfun. Eku jẹ òmíràn. Òjò wọ ibi tó kù lọ́dún tí wọ́n pààrọ̀ páànù ilé, wọ́n sì fi iná sun ún pẹ̀lú pàǹtí. Kò bú sẹ́kún nígbà tó ń sọ ọ́, kò sì sí ẹni tí yóò dá a lẹ́bi. Nígbà tí fọ́tò aláwọ̀ àti ilé ìfọ́tò ìgboro dé, kò sí ẹni tó tún wá ní kí wọ́n tẹ fọ́tò ìyá òun láti inú fíìmù àtijọ́. Fóònù wá parí èyí tó kù. Àwọn fọ́tò tó wà nílé náà ń sá, ọ̀pọ̀ ni kò sì ní orúkọ lẹ́yìn, kìkì òǹtẹ̀ onífọ́tò. Àgbà tó lè sọ ẹni tí wọ́n jẹ́ kò pọ̀ mọ́.

A pinnu láti ya ọjà náà fúnra wa, ká má ṣàròyé lásán. Ọjọ́ ọjà dé, a gbé fóònù àti kámẹ́rà kan tí a yá. Ìsọ̀ kejì ni wọ́n ti lé wa. “Ẹ fẹ́ lọ fi tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni?” Wọn kò jẹ̀bi, a kò tíì béèrè lọ́wọ́ ẹnì kankan kí a tó gbé kámẹ́rà sókè. Ìyá tó ń ta irú ló gbà wá sílẹ̀. Ó ní òun gbà kí a ya òun, ṣùgbọ́n kí a dúró. Ó fi ìsọ̀ sílẹ̀ fún ọmọ, ó lọ sílé. Ó tó wákàtí kan kó tó padà. Ó ti wé gèlè, ó wọ ìró àti bùbá léèsì, ó fi ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn. Ó jókòó lórí àpótí rẹ̀ láàárín igbá irú àti àpò iyọ̀, ó kọjú sí wa tààrà, ó fi ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún. Kò rẹ́rìn-ín. Gbogbo ọjà wà lẹ́yìn rẹ̀.

A tẹ̀ ẹ́, a kọ orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ náà sẹ́yìn, a sì mú ẹ̀dà kan lọ fún un. Ó gbé e sún mọ́ ojú, ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló fi ìka kan ọmọdébìnrin kan tó ń kọjá lẹ́yìn rẹ̀, tó ru agbọ̀n, tí ojú rẹ̀ kò hàn dáadáa. Ó ní kí ló dé tí a kò kọ orúkọ ìyẹn. A ní a kò mọ̀ ọ́n. Ó dárúkọ ọmọ náà, ó dárúkọ ìyá rẹ̀ àti agbo ilé wọn, ó sì dúró dè wá títí a fi wá bírò rí.