Àlùfáà Tí Ó Kọ̀ Láti Fi Ìṣirò Ṣe Ẹlẹ́rìí Ọlọ́run

Ní ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá ọdún 1951, Póòpù Pius Kejìlá bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí ìjọ Àgùdà dá sílẹ̀ ní Róòmù sọ̀rọ̀ kan tí àwọn ìwé ìròyìn gbé káàkiri ayé. Ó ní àwọn tí ń fi awò wo ojú ọ̀run ti rí i pé àwọn agbo ìràwọ̀ ń sá jìnnà síra wọn, àti pé bí a bá fi ìṣirò dá ìrìn wọn padà sẹ́yìn, a ó dé ìgbà kan tí ohun gbogbo ṣù pọ̀ sójú kan; ó ní ìgbà náà jọ ìgbà tí Ọba Àlèwílèṣe pàṣẹ fún ìmọ́lẹ̀ kí ó yọ; nítorí náà, ìṣẹ̀dá ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́, Ẹlẹ́dàá sì ń bẹ.

Onígbàgbọ́ wo ni inú rẹ̀ kò ní dùn sí irú ọ̀rọ̀ báyìí? Síbẹ̀, ẹnìkan wà tí ọ̀rọ̀ náà kọ lóminú. Àlùfáà Àgùdà ni òun náà, ó ti wà nínú ẹgbẹ́ onímọ̀ yìí kan náà láti ọdún 1936, kò sì sí ẹni tí ó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ tó o, nítorí láti inú orí rẹ̀ ni ìmọ̀ tí Póòpù gbé ga ti kọ́kọ́ jáde. Georges Lemaître ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ìlú Charleroi ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Leuven. Ẹni tí yóò bá mọ ohun tí ó kọ àlùfáà yìí lóminú ní láti padà sẹ́yìn gan-an, nítorí ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Àríyànjiyàn náà ti pẹ́ láyé. Aristotle, ọlọ́gbọ́n ilẹ̀ Gíríìsì, ti kọ́ni ní ohun tí ó ju 300 ọdún lọ kí a tó bí Jésù pé ayé kò ní ìbẹ̀rẹ̀, pé bí ọ̀run ti ń yí lónìí ni ó ti ń yí láti ayérayé. Kò sì torí èyí sọ pé kò sí Ọlọ́run, nítorí òun fúnra rẹ̀ gbà pé Ẹnìkan ń bẹ tí ń mú ohun gbogbo rìn, tí ohunkóhun kò mú Òun rìn. Ní ọdún 529, Kristẹni kan ní Alẹkisáńdíríà ní ilẹ̀ Íjíbítì, John Philoponus, kọ ìwé láti tako ẹ̀kọ́ yìí. Ó ní bí ayé kò bá ní ìbẹ̀rẹ̀, a jẹ́ pé ọdún tí kò lópin ti kọjá kí òní tó dé. Bẹ́ẹ̀ ohun tí kò lópin kò ṣeé rìn já. Ọ̀nà wo wá ni a gbà dé òní?

Àwọn Mùsùlùmí ni wọ́n gba ìbéèrè yìí mọ́wọ́, tí wọ́n sì pọ́n ọn títí ó fi mú. Imáàmù Al-Ghazali, ọmọ ìlú Tus ní ilẹ̀ Páṣíà, tí ó kọ́ni ní Baghdad, kọ ìwé kan ní ọdún 1095 láti fi bá àwọn ọmọlẹ́yìn Aristotle wí. Ó ní: ẹ̀yin ọlọ́gbọ́n, ẹ sọ pé oòrùn a máa yí ọ̀run po lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, pé ìràwọ̀ Saturn a máa yí i po lẹ́ẹ̀kan ní ọgbọ̀n ọdún, kí Saturn tó yí ẹyọ kan, oòrùn ti yí ọgbọ̀n. Ẹ tún ní àwọn méjèèjì ti ń yí láti ayérayé, tí iye ìyípo kálukú wọn kò fi lópin. Ọ̀nà wo ni ohun tí kò lópin fi lè jẹ́ ìdá kan nínú ọgbọ̀n ohun mìíràn tí kò lópin? Iye ìyípo náà ńkọ́, ṣé ó ṣeé pín sí méjì dọ́gbadọ́gba ni, tàbí ẹyọ kan yóò ṣẹ́ kù? Bí ẹ bá ní kò sí èyí tí ó jẹ́ nínú méjèèjì, ẹ ti sọ ohun tí làákàyè kò gbà.

Ibn Rushd, adájọ́ àti oníṣègùn ìlú Córdoba, ni ó dá a lóhùn lẹ́yìn tí Al-Ghazali ti kú. Ó ní ìyípo tí ó ti kọjá ti kọjá. Kò sí ibi tí a kó wọn jọ sí tí ẹnìkan lè fi kà wọ́n, ohun tí kò sì sí pa pọ̀ lójú kan kò ní odindi, kò ní ìdá. Lójú tèmi, ìbéèrè Al-Ghazali ni ó dùn jù nínú gbogbo àríyànjiyàn yìí, ìdáhùn Ibn Rushd kò sì ṣeé fọwọ́ rọ́ tì. Ohun tí mo fẹ́ kí òǹkàwé fi sọ́kàn ni pé kì í ṣe ẹni tí ó gbà pé Ọlọ́run ń bẹ àti ẹni tí kò gbà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bára wọn jiyàn. Mùsùlùmí òdodo ni àwọn méjèèjì, ìlú Mẹ́kà kan náà ni wọ́n sì ń kọjú sí kírun.

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún Thomas ti Aquino, àlùfáà ọmọ ilẹ̀ Ítálì tí ó kọ́ni ní Párísì, tí ó ka Aristotle, tí ó ka Ibn Rushd, tí ó sì gba ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ wọn bí wọn kò tilẹ̀ jọ sin Ọlọ́run ní ọ̀nà kan náà. Ní nǹkan bí ọdún 1271 ni ó kọ ìwé kékeré kan lórí bóyá ayé lè ti wà láti ayérayé. Ohun tí ó sọ níbẹ̀ àti nínú ìwé ńlá rẹ̀ ya àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́nu. Ó ní a gbà pé ayé ní ìbẹ̀rẹ̀ nítorí pé ìgbàgbọ́ fi yé wa. Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rí làákàyè tí ó lè fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí èyí tí ó lè bì í ṣubú. Ó wá ya àkàwé kan lò tí Augustine ti mẹ́nu bà ṣáájú: bí ẹsẹ̀ kan bá ti tẹ eruku mọ́lẹ̀ láti ayérayé, tí kò sí ìgbà kan tí kò sí níbẹ̀, ojú ẹsẹ̀ yóò ti wà lábẹ́ rẹ̀ láti ayérayé pẹ̀lú, síbẹ̀ kò sí ẹni tí yóò sọ pé ẹsẹ̀ kọ́ ni ó ṣe é. Bí ayé tilẹ̀ ti wà láìní ìbẹ̀rẹ̀, Atẹ́rẹrẹ-kárí-ayé ni ì bá ṣì máa gbé e ró. Ó sì kìlọ̀ pé kí onígbàgbọ́ má ṣe fi ẹ̀rí tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ gbe ohun tí ó jẹ́ ti ìgbàgbọ́, kí ó má baà di ohun ẹ̀rín lọ́wọ́ àwọn tí kò gbàgbọ́.

Thomas kú ní ọdún 1274. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹta ọdún 1277, bíṣọ́ọ̀bù ìlú Párísì fi òfin de 219 ọ̀rọ̀ tí àwọn olùkọ́ kò gbọdọ̀ kọ́ni mọ́, àwọn kan nínú wọn sì súnmọ́ ohun tí Thomas fi kọ́ni tímọ́tímọ́. Ọdún 46 lẹ́yìn náà, ìjọ yìí kan náà kà á mọ́ àwọn ẹni mímọ́.

N kò ní pẹ́ lórí àwọn tí ó tẹ̀lé wọn. Newton àti Leibniz bá ara wọn fà á bóyá Ọlọ́run a máa tún ayé tí Ó dá ṣe bí ó bá ń yẹ̀ lójú ọ̀nà. Hume ọmọ Skọ́tíláńdì bi wá léèrè bí a ti ṣe lè fi ilé tí ènìyàn kọ́ mọ ẹni tí ó kọ́ ayé nígbà tí a kò rí i kí á máa kọ́ ayé rí. Kant ọmọ Jámánì sì to àwíjàre ìhà méjèèjì kojú ara wọn ní ọdún 1781, pé ayé ní ìbẹ̀rẹ̀, pé ayé kò ní ìbẹ̀rẹ̀, ó fi hàn pé ọ̀kọ̀ọ̀kan lè bi èkejì wó, ó sì ní ọ̀ràn náà ju agbára làákàyè lọ.

Bí ọ̀rọ̀ ti wà nìyí nígbà tí Albert Einstein gbé ìṣirò tuntun jáde. Ní ọdún 1917 ó rí i pé ìṣirò rẹ̀ kò jẹ́ kí àgbáyé dúró sójú kan, ó sì fi iye kan kún un kí ó lè dúró, nítorí kò sí ẹni tí ó tíì rò ó pé odindi àgbáyé lè máa fẹ̀. Lemaître, tí ó ti jagun nínú ẹgbẹ́ oníbọn ńlá ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù ní ogun 1914, tí ó sì gba oyè àlùfáà ní 1923, kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ Eddington ní Cambridge kí ó tó kọjá sí Amẹ́ríkà. Ní 1927 ó tẹ ìwé kan jáde ní èdè Faransé, nínú ìwé àtìgbàdégbà Bẹ́ljíọ̀mù tí àwọn tí ó ń kà á kò pọ̀, pé àgbáyé ń fẹ̀, pé ìdí nìyẹn tí àwọn agbo ìràwọ̀ fi ń sá fún wa. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà Einstein wá sí Brussels fún àpérò, àwọn méjèèjì sì jọ rìn nínú ọgbà Léopold. Einstein sọ fún un láìfọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀ pé kò sí àṣìṣe nínú ìṣirò rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ó fà yọ láti inú rẹ̀ nípa ayé burú jáì. Lemaître bá a wọ takisí, ó ń ṣàlàyé bí àwọn agbo ìràwọ̀ ti ń sáré tó, ó sì hàn sí i pé ìròyìn ohun tí àwọn aláwò ti rí kò tíì dé etígbọ̀ọ́ ọ̀gá náà.

Ní 1929, Edwin Hubble fi awò ńlá orí òkè Wilson ní Kalifóníà, tí ìbú dígí rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 100, fi hàn pé bí agbo ìràwọ̀ bá ti jìnnà sí wa tó ni ó ń yára tó. Ní 1931, Einstein fi ayé tí ó dúró sójú kan sílẹ̀. Ọdún náà gan-an ni Lemaître fi lẹ́tà kúkúrú kan ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì tí a ń pè ní Nature, pé gbogbo àgbáyé bẹ̀rẹ̀ láti inú átọ́ọ̀mù kan ṣoṣo tí ó fọ́. Nínú àkọsílẹ̀ tí ó kọ́kọ́ tẹ̀, ó fi ọ̀rọ̀ kan kún ìparí rẹ̀ nípa Ọlọ́run tí ó fara pamọ́, àti bí inú onígbàgbọ́ ti lè dùn pé ìmọ̀ físíìsì ta aṣọ bo ìṣẹ̀dá lójú. Kí ó tó fi lẹ́tà náà ránṣẹ́, ó fa kálàmù gba orí gbólóhùn náà kọjá. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè irú ènìyàn tí Lemaître jẹ́, ìlà tí ó fà yẹn ni n óò tọ́ka sí.

Àwọn tí ó kọ́kọ́ kọ ìbẹ̀rẹ̀ náà pọ̀, ọ̀ràn wọn kò sì rí bí a ti lè rò. Eddington, olùkọ́ rẹ̀, jẹ́ ọmọ ìjọ Quaker tí ó fọkàn sin Ọlọ́run, síbẹ̀ ó ní èrò pé ayé ṣàdéédé bẹ̀rẹ̀ kò bá òun lára mu. Fred Hoyle ní tirẹ̀, tí kò gba ẹ̀sìn kankan, bá Bondi àti Gold pilẹ̀ èrò mìíràn ní 1948 pé àgbáyé ń fẹ̀ ṣùgbọ́n ohun tuntun ń yọ díẹ̀díẹ̀ láti dí àlàfo, tí kò fi sí ìbẹ̀rẹ̀. Orí asọ̀rọ̀mágbèsì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Hoyle wà ní oṣù kẹta ọdún 1949 nígbà tí ó fún èrò Lemaître ní orúkọ ìbúgbàù ńlá tí gbogbo ayé fi ń pè é títí dòní.

Ẹ wá wo ibi tí ọ̀rọ̀ Póòpù bá Lemaître. Èrò rẹ̀ kò tíì borí ti Hoyle. Ìwọ̀n tí Hubble ṣe fún àgbáyé ní ọjọ́ orí bílíọ̀nù ọdún méjì péré, àwọn tí ń yẹ òkúta wò sì ní ilẹ̀ ayé fúnra rẹ̀ dàgbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ìjọ bá so ìgbàgbọ́ rẹ̀ mọ́ ìṣirò, tí ìṣirò náà sì wó lọ́la, kí ni àwọn ẹlẹ́gàn kò ní sọ? Èyí tí ó tún wúwo jù ni pé Ọlọ́run tí Lemaître ń sìn kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi awò wá kiri. Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́: ó tọ àlùfáà O'Connell, olórí ilé ìwòràwọ̀ Fatikan, lọ, wọ́n sì jọ rí sí i kí ọ̀rọ̀ náà dé etí Póòpù pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1952, nígbà tí àwọn aláwò láti gbogbo ayé pàdé ní Róòmù, Póòpù kí wọn káàbọ̀, kò sì tún fi ìṣirò wọn jẹ́rìí ìṣẹ̀dá mọ́. Níbi ìpàdé yẹn gan-an ni Walter Baade ti kéde pé ìwọ̀n Hubble kù díẹ̀ káàtó, pé àwọn agbo ìràwọ̀ jìnnà ní ìlọ́po méjì ohun tí a rò, ọjọ́ orí àgbáyé sì di ìlọ́po méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ní 1958, Lemaître sọ ọ́ ní gbangba pé èrò òun kò bá ọ̀ràn ẹ̀sìn tan, pé ẹni tí kò gba Ọlọ́run gbọ́ lè gbà á láìyí ọkàn rẹ̀ padà.

Ẹ̀rí tí ó borí ti Hoyle dé láti ibi tí ẹnikẹ́ni kò fojú sí. Ní Holmdel ní ìpínlẹ̀ New Jersey, Arno Penzias àti Robert Wilson ń lo ẹ̀rọ agbohùn kan tí ó ga bí ilé, tí ó sì rí bí ìwo, ariwo kan sì ń hó nínú rẹ̀ lọ́sàn-án lóru, níbikíbi tí wọ́n bá kọ ojú rẹ̀ sí. Wọ́n bá ẹyẹlé méjì tí wọ́n ti kọ́ ìtẹ́ sínú ìwo náà. Wọ́n kó àwọn ẹyẹ kúrò, wọ́n gbá ìgbẹ́ wọn dànù, wọ́n fọ ibẹ̀ mọ́ tónítóní, ariwo náà kò dákẹ́. Ní 1965 ó hàn pé ooru tí ó ṣẹ́ kù láti ìgbà ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń gbọ́. Lemaître wà lórí àìsàn nígbà tí ìròyìn náà kàn án, ó sì kú ní ọjọ́ 20 oṣù kẹfà ọdún 1966.

Ní 1979, William Lane Craig, ọmọ Amẹ́ríkà, jí àwíjàre Al-Ghazali dìde, ó sì fi ìmọ̀ tuntun yìí gbè é lẹ́sẹ̀: ìbẹ̀rẹ̀ wà, nítorí náà Ẹlẹ́dàá wà. Ní 1981, ẹgbẹ́ onímọ̀ tí Lemaître ti ṣe ààrẹ rẹ̀ láti 1960 títí ó fi kú pe àpérò sí Fatikan, ibẹ̀ sì ni Stephen Hawking ti gbé èrò kan kalẹ̀ pé àgbáyé lè má ní etí kankan nínú àkókò. Nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1988, ó béèrè pé bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, àyè wo ni ó kù fún Ẹlẹ́dàá. Ẹnu ìlẹ̀kùn ìbẹ̀rẹ̀ ni àwọn méjèèjì dúró sí tí wọ́n ń fa ọ̀rọ̀, bí ẹni pé ọjọ́ àkọ́kọ́ nìkan ni ẹsẹ̀ ń tẹ eruku. Ṣùgbọ́n ní ìparí ìwé náà, Hawking tún béèrè ohun mìíràn: kí ni ó fún ìṣirò ní ẹ̀mí, tí ayé gidi fi wà fún un láti ṣàpèjúwe? Ìbéèrè yẹn kò kan bóyá ayé ní ìbẹ̀rẹ̀ tàbí kò ní. Òun sì ni ìbéèrè tí Thomas ń bi àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Párísì.