Ìyá Tó Bá Aláìsàn Lọ sí Àró

 Ọ̀rọ̀ àìsàn ọpọlọ la fẹ́ bá yín sọ lónìí. Ẹ má tíì ní "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí i." Ẹ gbọ́ ìtàn yìí ná.

Ẹni tó bá kúrò ní Kétu, tó gba Ìlarà àti Ìmẹ̀kọ, á dé Abẹ́òkúta. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí Thomas Adéoyè Lambo ní ọdún 1923. Ó kọ́ iṣẹ́ dókítà nílùú Gẹ̀ẹ́sì, ó sì kọ́ ìtọ́jú ọpọlọ kún un. Láyé ìgbà yẹn, àwọn dókítà òyìnbó kan ń sọ pé ọpọlọ èèyàn dúdú kò ṣiṣẹ́ bíi tiwọn. Ọ̀kan nínú wọn, J. C. Carothers, kọ ọ́ sínú ìwé ní 1953. Ó ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ò wọ́pọ̀ láàárín wa.

Ní 1954, Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Àró, lẹ́bàá Abẹ́òkúta. Wọn ò tíì kọ́ ilé náà tán. Ṣé kó wá lé àwọn aláìsàn padà ni? Rárá o. Ó lọ bá àwọn ará abúlé tó wà nítòsí, pé kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sílé, kí wọ́n máa gbowó yàrá. Òfin kan ló wà níbẹ̀: aláìsàn ò gbọdọ̀ dá wá. Ìyá ni o, ẹ̀gbọ́n ni o, ẹnì kan nínú ẹbí gbọ́dọ̀ bá a wá, kó máa bá a gbé. Ẹni yẹn ló ń dáná fún un, tó ń fọ aṣọ rẹ̀, tó ń mú un lọ gba ìtọ́jú láàárọ̀, tó sì ń mú un bọ̀ lọ́sàn-án. Lambo tún fa àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra, torí wọ́n mọ èdè àti àṣà àwọn èèyàn wọn.

Ní 1961, òun àti àwọn ará Amẹ́ríkà kan tí Alexander Leighton ṣáájú wọn, wọ abúlé kiri, wọ́n ń bi àwọn èèyàn nípa oorun, ẹ̀rù àti ìbànújẹ́ wọn. Ìwé wọn jáde ní 1963. Àmì ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tí Carothers ní kò wọ́pọ̀, wọ́n bá a níbẹ̀ dáadáa.

Ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ìyàtọ̀ àṣà nìyẹn. Àìsàn lè jẹ́ ọ̀kan náà, ọ̀nà tá a gbà ń sọ ọ́ ló yàtọ̀. Òyìnbó á ní inú òun bàjẹ́. Ìyá tiwa lè ní, "Orí mi ń gbóná, nǹkan ń rìn lára mi." Ẹ má fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọ̀rọ̀ kejì ni ìpinnu. Ìyá tó bá ọmọ rẹ̀ lọ sí Àró ní láti fi oko tàbí ọjà rẹ̀ sílẹ̀. Ìpinnu yẹn ò rọrùn. Ohun tó sábà máa ń dá wa dúró ni owó, àti ohun táyé máa sọ. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bá a bá ṣe ń pẹ́ ni àìsàn ń wọra.

Nítorí náà, ẹ má so aláìsàn mọ́lẹ̀, ẹ má nà án, ẹ má fi í pa mọ́ sẹ́yìnkùlé. Bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ kò bá sùn mọ́, tó ń sọ ìsọkúsọ, tàbí tí kò fẹ́ rí ọmọ rẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ilé ìtọ́jú ọpọlọ wà ní Jacquot, ní Kútọnú. Kí ẹnì kan nínú ẹbí sì dúró tì í. Àìsàn ló ṣeé wò, ẹ̀yin ìyá. Ẹ jẹ́ ká tètè wò ó.