Àìdọ́gba ọkùnrin àti obìnrin nínú kíkọ Wikipédíà

Wikipédíà ni ìwé ìmọ̀ ọ̀fẹ́ tí Jimmy Wales àti Larry Sanger dá sílẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2001. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ń lo íntánẹ́ẹ̀tì ló lè kọ nǹkan síbẹ̀, kò sì sí òfin kankan tó ní kí obìnrin má wọlé. Síbẹ̀, ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń kọ ọ́, ọkùnrin náà ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n kọ ìtàn ìgbésí ayé wọn síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré kọ́ ni èyí. Ibẹ̀ ni ọmọ iléèwé ti ń wo iṣẹ́ àṣetiléwá, ibẹ̀ ni akọ̀ròyìn ti ń wá ọjọ́ ìbí ẹni tó fẹ́ kọ̀wé nípa rẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni àwọn ẹ̀rọ tó ń dáhùn ìbéèrè ti ń kọ́ ohun tí wọ́n ń sọ.

Iye àwọn tó ń kọ̀wé

Ní ọdún 2008, ilé ìwádìí UNU-MERIT ní ìlú Maastricht, lórílẹ̀-èdè Netherlands, fọ̀rọ̀ wá àwọn òǹkàwé àti òǹkọ̀wé Wikipédíà lẹ́nu wò. Nínú ọgọ́rùn-ún òǹkọ̀wé tó dáhùn, obìnrin kò pé 13. Ìwé ìròyìn New York Times ló gbé ọ̀rọ̀ náà síta fáráyé ní oṣù kìíní ọdún 2011. Sue Gardner, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà Wikimedia Foundation, àjọ tó ń bójú tó Wikipédíà, nígbà náà, sọ pé òun fẹ́ kí iye náà di 25 nínú ọgọ́rùn-ún nígbà tó bá fi máa di ọdún 2015. Ó fi ipò sílẹ̀ ní 2014, ọwọ́ kò sì tíì tẹ ohun tó ń wá.

Àwọn olùwádìí méjì, Benjamin Mako Hill àti Aaron Shaw, tún ìṣirò náà yẹ̀ wò ní ọdún 2013. Ohun tí wọ́n rí ni pé irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ máa ń ka obìnrin kù, nítorí kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń kọ̀wé ló ń dáhùn ìbéèrè. Lẹ́yìn tí wọ́n ṣe àtúnṣe sí i, iye obìnrin di 16.1 nínú ọgọ́rùn-ún lágbàáyé, ó sì di 22.7 láàárín àwọn àgbàlagbà Amẹ́ríkà. Àtúnṣe yìí dára, ṣùgbọ́n kò yí ẹjọ́ padà. Ọkùnrin márùn-ún sí obìnrin kan ni ó ṣì jẹ́ lágbàáyé. Àwọn olùwádìí ní ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà náà ti fi hàn ní 2011 pé nínú àwọn tó dara pọ̀ ní ọdún 2009 tí wọ́n sì sọ bóyá ọkùnrin tàbí obìnrin làwọn, obìnrin jẹ́ 16 nínú ọgọ́rùn-ún, àmọ́ nínú gbogbo iṣẹ́ tí àwọn ẹni tuntun náà ṣe, 9 péré nínú ọgọ́rùn-ún ló ti ọwọ́ obìnrin wá.

Ohun tó ń lé wọn sẹ́yìn

Gardner kò dá ìdáhùn fọkàn rò. Ọ̀rọ̀ tí àwọn obìnrin fúnra wọn ti sọ lóríṣiríṣi ibi ló kó jọ ní ọdún 2011, ó sì rí ìdí mẹ́sàn-án. Àwọn kan ní ojú ìwé tí wọ́n fi ń ṣàtúnkọ ṣòroó lò. Àwọn mìíràn ní àwọn ò ráyè. Òmíràn ní ọkàn òun kò gbé e pé òun mọ nǹkan tó láti kọ. Àwọn tó sì pọ̀ ní àríyànjiyàn ibẹ̀ le jù: wàá fara balẹ̀ kọ nǹkan, ẹni tí o kò mọ̀ rí yóò pa á rẹ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, yóò sì bá ọ jà bí o bá béèrè ìdí.

Nínú gbogbo rẹ̀, àìráyè ni mo kà sí èyí tó jinlẹ̀ jù, òun náà sì ni àwọn ènìyàn máa ń fò dá. Kíkọ Wikipédíà kò ní owó. Ẹni tó bá ṣíwọ́ iṣẹ́ tó sì lè jókòó sídìí kọ̀ǹpútà fún wákàtí mẹ́ta láìsí ẹni tó ń pè é ló lè ṣe é. Obìnrin tó ti ọjà dé tó ń dáná, tó ń wẹ ọmọ, tó sì tún ń tọ́jú ìyá ọkọ, kò ní irú wákàtí bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ Áfíríkà, ó tún ku ti íntánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀: àwọn obìnrin tó ń lò ó lórí fóònù kéré sí àwọn ọkùnrin, owó dátà sì wà lára ohun tó fà á.

Ìfòòró náà wà níbẹ̀. Emily Temple-Wood, tó dá ẹgbẹ́ tó ń kọ̀wé nípa àwọn obìnrin onímọ̀ sáyẹ́ǹsì sílẹ̀ lórí Wikipédíà ní 2012, máa ń gba lẹ́tà ìwọ̀sí lóríṣiríṣi. Ó wá pinnu pé lẹ́tà kan tí wọ́n bá fi fòòró òun, àyọkà kan ni òun yóò fi dáhùn, lórí obìnrin onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan. Ní 2016, òun àti Rosie Stephenson-Goodknight ni wọ́n jọ fún ní oyè Wikipédíà tó ga jù lọ́dún náà.

Ohun tí wọ́n ń kọ nípa obìnrin

Ọ̀rọ̀ Donna Strickland ló la ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú. Ọmọ Kánádà ni, onímọ̀ físíìsì tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Waterloo. Ní 1985, òun àti Gérard Mourou tẹ iṣẹ́ wọn jáde lórí bí a ṣe lè mú kí ìmọ́lẹ̀ lésà lágbára gan-an láìba ẹ̀rọ jẹ́, iṣẹ́ náà sì wà lára ohun tó mú ìlọsíwájú bá iṣẹ́ abẹ ojú. Ó ti ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Optical Society rí. Nígbà tí ẹnìkan kọ àyọkà nípa rẹ̀ ní 2018, ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò kọ̀ ọ́ ní oṣù karùn-ún, ó ní àwọn ìtọ́kasí rẹ̀ kò fi hàn pé obìnrin náà lààmì-laaka tó. Mourou ti ní àyọkà tirẹ̀ tipẹ́. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹwàá ọdún yẹn, wọ́n kéde pé Strickland gba ẹ̀bùn Nobel, obìnrin kẹta tó gba ti físíìsì láyé, lẹ́yìn Marie Curie ní 1903 àti Maria Goeppert Mayer ní 1963. Ọjọ́ náà gan-an ni àyọkà rẹ̀ jáde.

Katherine Maher, ọ̀gá àgbà Wikimedia Foundation nígbà náà, fèsì pé dígí ni Wikipédíà, ìwà ayé ló ń fi han ayé. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀. Dígí kì í yan ẹni tí yóò fi hàn. Ènìyàn ló jókòó tó kọ̀ láti gba àyọkà náà, ẹni tó bá sì wá a dáadáa ì bá rí i pé Strickland ti ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ ńlá.

Àṣìṣe ẹyọ kan kọ́ nìyí. Ìwádìí tí Francesca Tripodi tẹ̀ jáde ní 2021 fi hàn pé ní oṣù kẹrin ọdún 2017, ìtàn ìgbésí ayé obìnrin jẹ́ 41 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n dábàá pé kí wọ́n pa rẹ́, nígbà tó jẹ́ pé nǹkan bí 17 péré ni wọ́n jẹ́ nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ìtàn ìgbésí ayé tó wà níbẹ̀. Ìwádìí mìíràn, ní 2015, rí i pé àyọkà nípa obìnrin máa ń sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, ìkọ̀sílẹ̀ àti ẹbí ju ti ọkùnrin lọ. Ní oṣù kẹrin ọdún 2013, Amanda Filipacchi, tó ń kọ ìwé ìtàn àròsọ ní Amẹ́ríkà, ṣàkíyèsí pé wọ́n ti ń yọ àwọn obìnrin kúrò nínú àkójọ àwọn òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ Amẹ́ríkà, wọ́n ń kó wọn lọ sí àkójọ tiwọn lọ́tọ̀. Àwọn ọkùnrin wá ṣẹ́kù bí ẹni pé àwọn nìkan ni òǹkọ̀wé.

Ẹ̀rí tí kò sí nínú ìwé

Wikipédíà kì í gba ohun tí kò bá ti sí nínú ìwé tàbí ìwé ìròyìn tó ṣe é gbára lé. Òfin yìí ló ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ irọ́, n kò sì gbà pé kí wọ́n fagi lé e. Àmọ́ ó ń gbé ojúsàájú àtijọ́ wọ inú tuntun. Ẹ wo Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti àwọn obìnrin ọjà tó jọ dìde ní Abẹ́òkúta lòdì sí owó orí ní ìparí àwọn ọdún 1940. Ó mọ̀wé kọ, ó kọ lẹ́tà, ó kọ ẹ̀bẹ̀ sí ìjọba, àwọn ìwé rẹ̀ wà ní ilé ìkàwé Yunifásítì Ìbàdàn, Cheryl Johnson-Odim àti Nina Mba sì kọ ìtàn rẹ̀ jáde ní 1997. Kò sí ẹni tó lè ní kò lààmì-laaka. Àwọn ìyá tó bá a tò lọ ńkọ́? Orúkọ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò sí níbì kankan.

Alimotu Pelewura, tó ń ta ẹja ní ọjà Eréko, tó sì darí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọjà Èkó títí ó fi kú ní 1951, kò kàwé. Ó bá ìjọba amúnisìn fà á lórí owó orí obìnrin ní 1940 àti lórí iye tí wọ́n ní kí wọ́n máa ta oúnjẹ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. A mọ̀ ọ́n lónìí nítorí pé àwọn onímọ̀ ìtàn fi ìwádìí tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Oríkì àti ìtàn ẹnu, tó jẹ́ ibi tí a ti ń tọ́jú orúkọ obìnrin jù, kò ní àyè nínú òfin ìtọ́kasí náà.

Àwọn ibòmíràn

Wikipédíà nìkan kọ́. OpenStreetMap, tí àwọn olùyọ̀ọ̀da-ara-ẹni fi ń ya máàpù ayé, kọ̀ láti gba àbá tó fẹ́ kí ibi ìtọ́jú ọmọ kékeré ní àmì tirẹ̀ ní 2011, bẹ́ẹ̀ sì rèé oríṣiríṣi ilé ìgbádùn ọkùnrin ti ní àmì. Stack Overflow, tí àwọn tó ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà ti ń bi ara wọn ní ìbéèrè, gbà ní gbangba ní 2018 pé ara kì í tu obìnrin àti ẹni tuntun níbẹ̀.

Akitiyan

Art+Feminism bẹ̀rẹ̀ ní New York ní 2014, wọ́n máa ń kó ènìyàn jọ láti kọ̀wé nípa àwọn obìnrin oníṣẹ́ ọnà. Women in Red, tó ń kọ ìtàn àwọn obìnrin tí kò tíì ní àyọkà, bẹ̀rẹ̀ ní 2015, nígbà tí ìtàn obìnrin lé díẹ̀ ní 15 nínú ọgọ́rùn-ún lórí Wikipédíà èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ó ti tó nǹkan bí 20 báyìí. Jess Wade, onímọ̀ físíìsì ní Imperial College London, ti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ àyọkà tó ju ẹgbẹ̀rún kan lọ. Wiki Loves Women bẹ̀rẹ̀ ní 2016 ní Nàìjíríà, Gánà, Kamẹrúùnù àti Côte d'Ivoire, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Goethe-Institut. Wikipédíà èdè Welsh fi hàn pé èdè kékeré lè tètè dé ibi tí èdè ńlá kò tíì dé: ìtàn obìnrin àti ti ọkùnrin ti dọ́gba níbẹ̀.

Wikipédíà èdè Yorùbá ti wà láti 2002, àyè sì pọ̀ níbẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń fi iṣẹ́ ìwádìí sílẹ̀ nínú káńbọ́ọ̀dù, ẹ̀yin oníròyìn tí ẹ ti fọ̀rọ̀ wá ìyálọ́jà lẹ́nu wò lórí rédíò, ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, pẹ̀lú orúkọ, ìlú àti ọdún. Ohun tí ẹ bá tẹ̀ jáde ni ẹni tó ń kọ àyọkà yóò rí tọ́ka sí.