Ọrùn ò ṣe é fi adìẹ dán wò

Yorùbá fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà, ọrùn. Ọrùn ọwọ́ wà, ọrùn ẹsẹ̀ wà, ìgò pàápàá ní ọrùn. Ẹ̀yin tí mo kọ́ ní fonọ́lọ́jì á rántí bí mo ṣe máa ń fi ọrùn, ọ̀run àti oòrùn dán etí yín wò. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohùn ni mo fẹ́ sọ lónìí. Eegun inú ọrùn gan-an ni: bí àwọn èèyàn ṣe ń fọwọ́ tò ó láyé àtijọ́, àti bí àwọn mìíràn ṣe wá ń ya àwòrán rẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án.

Èdè wa kì í fi ọ̀rọ̀ eegun ṣeré. Ẹsẹ̀ lè rọ́, ó lè yẹ̀, ó lè sán, ó lè kán. Ìyá àgbà tí kò ka ìwé kankan mọ̀ pé rírọ́ kì í ṣe yíyẹ̀, yíyẹ̀ kì í sì í ṣe kíkán. Orí ìyàtọ̀ yìí ni àwọn a-to-eegun l'Ọ́yọ̀ọ́ àti ní Ògbómọ̀ṣọ́ gbé iṣẹ́ wọn lé. Wọ́n á fọwọ́ tẹ ibẹ̀, wọ́n á fi òrí tàbí àdí pa á, wọ́n á fi ọparun tí wọ́n là wẹ́wẹ́ dì í. Àwọn kan á ṣẹ́ ẹsẹ̀ adìẹ, wọ́n á di ti adìẹ bí wọ́n ṣe di ti èèyàn. Ọjọ́ tí adìẹ bá tẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ tó rìn ni wọ́n á tú ti aláìsàn.

Mo ti rí àwọn tó kàwé tó ń fi èyí rẹ́rìn-ín. Mi ò bá wọn rín. Ẹni tó ń fi adìẹ dán nǹkan wò ń wá ẹ̀rí. Ó mọ̀ pé ojú òun ò wọnú ẹran. Àléébù rẹ̀ ni pé eegun adìẹ máa ń tètè jiná ju ti èèyàn lọ. Èyí tó tún burú ju ìyẹn ni ìdì tó bá le jù: ẹ̀jẹ̀ ò ní dé ẹsẹ̀ mọ́, ẹran á kú, dókítà á sì gé e.

Ti ọrùn wá yàtọ̀ pátápátá. Adìẹ wo lẹ máa ṣẹ́ lọ́rùn tó máa dìde rìn? Eegun méje ló wà lọ́rùn èèyàn. Okùn iṣan tó ń gbé àṣẹ ọpọlọ lọ sí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ gba àárín wọn kọjá. Iṣan ẹ̀jẹ̀ méjì tó ń lọ sí ọpọlọ sì gba inú àwọn ihò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Eegun kìíní rí bí òrùka. Atlas ni wọ́n ń pè é, orúkọ ẹni tí àwọn Gíríìkì ní ó gbé ọ̀run rù. (Ọ̀run lórí ọrùn. Ká ní Yorùbá ló sọ ọ́ lórúkọ, à bá ní wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ ṣeré ni.)

Ní 1895, ohun méjì ṣẹlẹ̀ tí oṣù méjì ò pé láàárín wọn. Ní September, ní ìlú Davenport ní Amẹ́ríkà, Daniel David Palmer ti eegun kan lẹ́yìn Harvey Lillard, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tó ń ṣe ìmọ́tótó ilé tí Palmer ti ń ṣiṣẹ́. Palmer ní etí ọkùnrin náà ti di fún ọdún mẹ́tàdínlógún, pé bí òun ṣe ti eegun tó yẹ̀ náà padà ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ràn. Bí Palmer ṣe sọ ọ́ nìyẹn o. Ọmọ Lillard sọ tirẹ̀ lọ́nà mìíràn. Iṣẹ́ tó dá sílẹ̀ ni wọ́n ń pè ní chiropractic, orúkọ tí wọ́n fi èdè Gíríìkì ṣẹ̀dá, tó túmọ̀ sí ohun tí a fọwọ́ ṣe. Ní November ọdún yẹn kan náà, ní Jámánì, Wilhelm Röntgen ṣàwárí ìtànṣán X-ray. Kí ọdún tó parí, ó ti ya àwòrán eegun ọwọ́ ìyàwó rẹ̀.

Ní 1910, B. J. Palmer, ọmọ Daniel, mú X-ray wọ iṣẹ́ bàbá rẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa: àwọn tó fi ọwọ́ jẹ orúkọ ni wọ́n tún lọ ń wá àwòrán. Subluxation ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ lé. Tí mo bá fẹ́ túmọ̀ rẹ̀, màá ní yíyẹ̀ díẹ̀. Wàhálà ọ̀rọ̀ náà sì wà nínú "díẹ̀" yẹn, torí dókítà máa ń wo àwòrán kan náà kó ní òun ò rí ohun tó yẹ̀ níbẹ̀.

X-ray pàápàá kì í rí ọrùn dáadáa. Àgbọ̀n àti eyín bo eegun méjì àkọ́kọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń ní kí èèyàn lanu kí wọ́n tó yà á. Èjìká sì máa ń bo èyí tó wà nísàlẹ̀. Irú àwòrán pẹlẹbẹ bẹ́ẹ̀ ló wà nígbà tí Látúndé Òdẹ́kù padà láti Amẹ́ríkà ní 1962, tó sì dá ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ ọpọlọ sílẹ̀ ní UCH Ìbàdàn. Ọmọ Awẹ́ ni, ìlú tó fẹ́rẹ̀ẹ́ so mọ́ Ọ̀yọ́. Òun ni Nàìjíríà àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ yẹn, akéwì sì ni pẹ̀lú. Ó kú ní 1974, kí irú ẹ̀rọ tó tẹ̀lé e tó délé wa.

Ẹ̀rọ náà ni CT. Godfrey Hounsfield ló ṣe é ní ilé-iṣẹ́ EMI ní England, wọ́n sì fi wo orí aláìsàn àkọ́kọ́ ní London ní 1971. Òun àti Allan Cormack, tí wọ́n bí ní Johannesburg, ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1979. Ẹ̀rọ yìí máa ń yí èèyàn ká, á yà á ní ègé-ègé bí ẹni gé búrẹ́dì, kọ̀ǹpútà á wá to àwọn ègé náà padà títí á fi di odindi ọrùn tí èèyàn lè yí wò níwá àti lẹ́yìn. Tò ni mo wí. Kọ̀ǹpútà náà ti di a-to-eegun.

Oríṣi rẹ̀ kan tó kéré, tí àwọn dókítà eyín kọ́kọ́ máa ń lò, ti dé ọ̀dọ̀ àwọn oníṣẹ́ chiropractic kan tó jẹ́ pé eegun òkè ọrùn nìkan ni wọ́n ń tọ́jú. Aláìsàn á jókòó, ẹ̀rọ á yí orí rẹ̀ ká, wọ́n á wá wọn bí Atlas ṣe tẹ̀ sí kí wọ́n tó pinnu ibi tí wọ́n máa tì í sí. Èmi ò rò pé ibẹ̀ ni agbára àwòrán náà wà. Ẹ̀rí pé títẹ̀ kékeré bẹ́ẹ̀ ló ń fa àìsàn ò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ẹ ya ọrùn irú àwa àgbàlagbà yìí, ẹ máa rí eegun tó ti gbó lára ẹni tí ohunkóhun ò dùn. Ìtànṣán náà kì í sì í ṣe omi mímu. Ibi tí àwòrán ti wúlò ni kó fi ibi tí ọwọ́ ò gbọ́dọ̀ dé hàn: eegun tó ti kán tí kò tíì gé okùn inú rẹ̀, èyí tó ti jẹrà, èyí tó ti yẹ̀ ní tòótọ́.

Èyí kàn wá gan-an. Ẹni tó já láti orí ọ̀pẹ, tàbí tí ọ̀kadà gbé ṣubú ní ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ọrùn rẹ̀ lè ti kán kó ṣì máa mi ẹsẹ̀. Tí ẹni kan bá fi òrí pa á, tó sì fà á lọ́rùn kó lè "bọ́ sípò", ó lè má mi ẹsẹ̀ náà mọ́ láé. Ọwọ́ a-to-eegun tó mọ apá àti ẹsẹ̀ dáadáa ni mo ń sọ o, kì í ṣe ti òpè.

Kì í ṣe pé ilé ìwòsàn jìnnà. T. J. Bowen dé Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1855, ìwé gírámà àti àtúmọ̀ èdè Yorùbá tó kọ sì jáde ní 1858. George Green, dókítà tí ìjọ Onítẹ̀bọmi Amẹ́ríkà rán wá, dé ní 1907. Iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ló di ilé ìwòsàn tí Yunifásítì Bowen ń lò láti 2009. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí a-to-eegun àti dókítà ti jọ wà nínú ìlú kan náà. Ní ilẹ̀ Yorùbá lónìí, àwọn a-to-eegun kan wà tí wọn kì í fọwọ́ kan aláìsàn àyàfi tó bá mú X-ray wá. Inú mi dùn sí wọn. Wọ́n ti fi X-ray rọ́pò adìẹ, wọn ò sì torí ẹ̀ sọ iṣẹ́ bàbá wọn nù.

Mo ń kó àwọn ọ̀rọ̀ ìṣe tó jẹ mọ́ ọrùn jọ. Rọ́, yẹ̀, ṣẹ́ àti kán wà lọ́wọ́ mi. Tí ìlú yín bá ní òmíràn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, kí ẹ sì fi àmì ohùn sí i.