Ìbẹ̀rẹ̀ Kọ̀ǹténà nínú Iṣẹ́ Kọ̀ǹpútà: Àtúnyẹ̀wò Kan

1.0 Ìfáárà

Èrò tí ó wọ́pọ̀ láàrin àwọn tí ń lo kọ̀ǹpútà àyálò lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni pé ọdún 2013 ni kọ̀ǹténà dáyé, àti pé Docker ni ó bí i. Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú iṣẹ́ yìí ni láti yẹ èrò náà wò. Kọ̀ǹténà tí a ní lọ́kàn kì í ṣe ti èbúté; ètò kọ̀ǹpútà tí a dì pọ̀ mọ́ gbogbo ohun tí yóò lò ni. Iṣẹ́ méjì ni ó ń ṣe: ó ń ya ètò kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì, ó sì ń jẹ́ kí a lè gbé ètò náà láti orí ẹ̀rọ kan dé òmíràn.

2.0 Ìyàsọ́tọ̀

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ti pẹ́. Ní 1979, nínú ẹ̀dà keje Unix, ni chroot jẹyọ, èyí tí ń mú kí ètò kan rí apá kan péré nínú àwọn fáìlì, bí ẹni pé kò sí òmíràn mọ́. Ní 2000, FreeBSD gbé jail jáde. Solaris 10 gbé zones jáde ní 2005. Ní 2006, àwọn òṣìṣẹ́ Google bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí cgroups, tí ń díwọ̀n agbára ẹ̀rọ tí ètò kọ̀ọ̀kan lè lò. Ó wọ inú Linux ní 2008.

A lè fi agboolé ṣe àpèjúwe ọgbọ́n yìí. Olúkúlùkù ní ilẹ̀kùn tirẹ̀, ṣùgbọ́n òrùlé kan náà ni ó bo gbogbo wọn. Ìdí nìyí tí kọ̀ǹténà fi fúyẹ́. Ìdí nìyí náà tí ó fi jẹ́ pé bí ìjì bá ṣí òrùlé náà, kò sí yàrá tí òjò kò ní wọ̀.

3.0 Gbígbé

Ní oṣù kẹta ọdún 2013, Solomon Hykes fi Docker han àwọn ènìyàn ní ìpàdé PyCon. LXC, tí ó ti wà láti 2008, ni Docker kọ́kọ́ gùn lé. Nítorí náà, ìyàsọ́tọ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Ohun tí ó mú wá ni ọ̀nà ìdìpọ̀ tí ó rọrùn, tí a fi lè pamọ́, tí a sì lè fi ránṣẹ́. Bákan náà ni ó rí nígbà tí ọkọ̀ Ideal-X kó kọ̀ǹténà 58 láti Newark lọ sí Houston ní 1956: àpótí kì í ṣe ohun tuntun, ọ̀nà ìkẹ́rù ni ó yí padà. Kubernetes tẹ̀ lé e ní 2014 láti máa darí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹténà lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ. Ní 2015 ni a dá Open Container Initiative sílẹ̀, kí ìdìpọ̀ náà lè ní ìwọ̀n kan ṣoṣo.

4.0 Àgbálọgbábọ̀

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Èrò wa ni pé Docker kò bí kọ̀ǹténà. Ó kọ́ ọ ní ìrìn ni. Ọ̀rọ̀ yìí ju ti oríyìn lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn ní 2013 yóò rí àpótí nìkan. Yóò gbàgbé òrùlé tí gbogbo àpótí jọ wà lábẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ewu sì ti ń wọlé.