Àwọn Aago Tí A Ti Lò Kí Aago Olówó Gọbọi Tó Dé

Nígbà tí a ní kí a kọ ìtàn kan sí inú ìwé ọdọọdún yìí, a rò ó lọ, a rò ó bọ̀. Ìtàn oyè àti ìtàn ogun dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹnu ni ó ti ń sọ wọ́n. A wá rí i pé ohun kékeré kan wà ní ọrùn ọwọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa tí kò sí ẹni tí ó ń bèèrè ibi tí ó ti wá. Ohun náà ni aago.

Ohun tí ó mú ọ̀rọ̀ yìí wá sí wa lọ́kàn ni ìpàdé kan tí a pè fún aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Aago méjìlá ti kọjá kí a tó gba àdúrà ìbẹ̀rẹ̀. Bí a ti jókòó tí a ń retí, a ń wo ọwọ́ àwọn tí ó ń wọlé. Àwọn àgbà tí kò so aago kankan mọ́ ọwọ́ ni ó kọ́kọ́ dé. Àwọn tí aago ọwọ́ wọn ń kọ mànà bí wúrà ni ó dé kẹ́yìn. A kò sọ èyí láti bú ẹnikẹ́ni, nítorí àwa pẹ̀lú ti pẹ́ dé ìpàdé rí. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a bi ara wa léèrè pé: kí ni àwọn baba wa fi ń mọ àkókò? Aago wo ni ó sì kọ́ wa ní ìtumọ̀ wákàtí kí aago olówó gọbọi tó dé?

Aago tí kò ní olówó

Kí òyìnbó tó dé, ilẹ̀ wa kò ṣe aláìní ìwọ̀n àkókò. Àkùkọ ni ó ń jí àgbẹ̀. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ni a ń di ẹrù oko. Ní kùtùkùtù ni a ń rìn nígbà tí ìrì ṣì wà lórí koríko. Ní ìyálẹ̀ta ni oòrùn ń bẹ̀rẹ̀ sí mú. Ní ọ̀sán gangan ni òjìji ènìyàn kúrú sí abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni ìpadàbọ̀, àṣálẹ́ ni àlọ́, ọ̀gànjọ́ òru sì ni ìgbà tí ẹnikẹ́ni kì í kan ilẹ̀kùn ẹnìkejì bí kò ṣe fún ọ̀ràn. Ọjà ni ó ń ka ọjọ́ fún wa, òṣùpá ń ka oṣù, iṣu titun sì ń ka ọdún.

Agbára irú aago bẹ́ẹ̀ ni pé kò sí ẹni tí ó lè dá a ní. Àkùkọ kan náà ni ó ń kọ fún olówó àti tálákà. Bí a bá sì ní kí àwọn ọ̀dọ́ pàdé ní ìyálẹ̀ta láti la ọ̀nà odò, ẹni tí ó bá dé ní ọ̀sán kò lè wí pé aago òun ni ó dúró. Àbùkù rẹ̀ ni pé kò lè pín òwúrọ̀ sí wẹ́wẹ́, bí ojú ọjọ́ bá sì ṣú, àfojúdá ni ó kù.

Bí agogo ṣe di aago

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Agogo àti aago, ọmọ ìyá ni wọ́n; ohun tí a ń lù kí gbogbo ènìyàn gbọ́ ni. Ìdí nìyí tí a fi ń wí títí di òní pé “aago mẹ́fà lù,” bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé aago ọwọ́ wa kì í lù rárá. Wákàtí ní tirẹ̀ wá láti inú èdè Lárúbáwá. Ó bá àwọn Mùsùlùmí wọ inú èdè wa, àwọn ẹni tí ìrun márùn-ún ti ń pín ọjọ́ fún. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ méjèèjì tí a fi ń pe àkókò ti ibi tí ènìyàn ti ń péjọ wá. Kí ẹnikẹ́ni tó so aago mọ́ ọwọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá, àkókò jẹ́ ohun tí a jọ ń gbọ́.

Ní agbègbè tiwa, ilé ìsìn àti ilé ẹ̀kọ́ ni ó sọ àṣà yìí di ti ojoojúmọ́. Ní ọdún 1908 ni Tommy Titcombe, ẹni ìjọ Sudan Interior Mission, dé Ẹ̀gbẹ̀ ní ilẹ̀ Yàgbà, àwọn aládùúgbò wa. Bí ìjọ àti ilé ẹ̀kọ́ ti ń gbilẹ̀ káàkiri lẹ́yìn náà, bẹ́ẹ̀ ni ìró aago ń gbilẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ yóò rántí irin tí a so mọ́ ẹ̀ka igi, ìgbà mìíràn a jẹ́ irin ẹsẹ̀ ọkọ̀ tí ó ti gbó. Aago kan ṣoṣo ni ó ń jókòó lórí tábìlì ọ̀gá, ọmọ kan ni a sì yàn láti máa wò ó, kí ó sì lu irin náà. Aago kan, ọmọ kan, irin kan. Gbogbo àdúgbò ni ó ń jẹ àǹfààní rẹ̀, àní ìyá tí ó ń dáná ẹ̀bá fún ọmọ rẹ̀ pàápàá.

Ọkọ̀ ojú irin àti àkókò ìjọba

Bí ilé ẹ̀kọ́ ti kọ́ wa ní wákàtí, ọkọ̀ ojú irin ni ó kọ́ wa ní ìṣẹ́jú. Ní ọdún 1901 ni ojú irin láti Èkó wọ Ìbàdàn. Ó dé Òṣogbo ní ọdún 1907, ó sì gba Ọ̀fà kọjá dé Ìlọrin ní ọdún 1908. Fún àwa ará Òkè-Ọ̀pin, Ọ̀fà ni ẹnu ọ̀nà sí ayé ọkọ̀ ojú irin. Ẹni tí ó bá ń lọ sí Èkó tàbí tí ó ń lọ sí Kánò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀ kí fèrè tó dún, nítorí ọkọ̀ náà kò mọ baálé, kò sì mọ àlejò.

Ìjọba fúnra rẹ̀ kò tètè fìdí àkókò múlẹ̀. Ní ọdún 1905 wọ́n mú àkókò Gíríníìsì wọ Èkó. Ní ọdún 1908 wọ́n padà sí àkókò oòrùn Èkó, èyí tí ó fi nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá ṣáájú ti Gíríníìsì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1914 wọ́n sọ ọ́ di ìdajì wákàtí, àti ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1919 ó di odindi wákàtí kan, bí ó ti wà di òní. Ẹni tí ó bá ní aago ní ọdún 1904 tí ó sì wà láàyè di ọdún 1919 yóò ti yí ọwọ́ aago rẹ̀ ní ìgbà mẹ́rin nípa àṣẹ ìjọba. Oòrùn kò sì kúrò ní ọ̀nà rẹ̀. Ẹ dán an wò pẹ̀lú àwọn ọmọ yín: ní Òkè-Ọ̀pin, òjìji kì í kúrú jù lọ ní aago méjìlá gééré, bí kò ṣe ní nǹkan bí ìdajì wákàtí lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀sán gangan àwọn baba wa àti aago méjìlá ìjọba kì í ṣe ohun kan náà.

Aago àpò àti aago ọwọ́

Aago olówó gọbọi kan wà nínú ìtàn Yorùbá tí a kò gbọ́dọ̀ gbàgbé. Ní ọdún 1880, ẹgbẹ́ Royal Geographical Society ti Lọ́ńdọ́nù fi aago wúrà kan ta Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther lọ́rẹ, nítorí ìrìn àjò àti ìwádìí rẹ̀ lórí Odò Ọya. Ẹ ka ọdún náà dáadáa. Ọdún 1841 ni ó kọ́kọ́ gòkè odò náà. Ọdún 1857 ni ọkọ̀ ojú omi Dayspring tí ó wà nínú rẹ̀ fọ́ nítòsí Jẹ́bà, ní agbègbè Kwara tiwa yìí. Ó tó ọdún mọ́kàndínlógójì kí aago wúrà náà tó dé ọwọ́ rẹ̀, nígbà tí ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Aago náà kò kọ́ ọ bí a ti ń lo àkókò. Àkókò tí ó ti lò ni ó mú aago wá.

Irú aago bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti mẹ̀kúnnù. Àwọn méjì ni ó ṣí ọ̀nà fún mẹ̀kúnnù káàkiri ayé. Ní ọdún 1867, Georges Frédéric Roskopf ní ilẹ̀ Switzerland ṣe aago àpò kan tí kò ní ọ̀ṣọ́, tí òṣìṣẹ́ lè rà. Ní ọdún 1896, ilé iṣẹ́ Ingersoll ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí ta aago àpò kan ní dọ́là kan péré. Ní ìgbà náà, obìnrin ni a mọ̀ pé ó ń so aago mọ́ ọwọ́ bí ẹ̀gbà. Ogun àgbáyé ti ọdún 1914 sí 1918 ni ó yí èyí padà, nítorí ẹni tí ó di ìbọn mú kò ní ọwọ́ tí yóò fi yọ aago nínú àpò. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà lọ sí Bọ́mà nínú ogun kejì, aago ọwọ́ ti di ohun èlò ọmọ ogun.

Aago ọwọ́ ìgbà náà, yíyí ni a ń yí i ní àràárọ̀. Ẹni tí ó bá gbàgbé láti yí i yóò bá a tí ó ti kú. Ìtọ́jú ni ó ń mú un wà láàyè, gẹ́gẹ́ bí ẹran ọ̀sìn.

Aago baba wa

Ní ọdún 1963 ni ilé iṣẹ́ Seiko ti ilẹ̀ Japan gbé aago tí a ń pè ní Seiko 5 jáde. Aago yìí kò fẹ́ yíyí; irin kan wà nínú rẹ̀ tí ó ń fì bí ẹni tí ó wọ̀ ọ́ ti ń ju apá, ìyẹn ni ó sì ń fún un lágbára. Ó ń sọ ọjọ́, ó ń sọ orúkọ ọjọ́, kò sì tètè bàjẹ́. Nígbà tí a san owó Údojì fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1975, àwọn olùkọ́ àti akọ̀wé fi ra rédíò, wọ́n fi ra alùpùpù, wọ́n sì fi ra aago ọwọ́. Baba tí ó bí wa lọ́mọ ra Seiko 5 tirẹ̀ ní ọdún náà. Kò ra òmíràn títí ó fi kú.

Àwa ní tiwa, nígbà tí a jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, aago oníbátìrì tí ń fi nọ́ńbà hàn ni a kọ́kọ́ so mọ́ ọwọ́. Ilé iṣẹ́ Seiko kan náà ni ó kọ́kọ́ gbé aago ọwọ́ oníbátìrì tí a ń pè ní quartz sí ọjà, ní oṣù Kejìlá ọdún 1969, owó rẹ̀ sì pọ̀ bí ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré. Kò pẹ́ tí irú rẹ̀ fi di ohun tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lè rà. Ojú ti wa láti wọ tiwa lọ sí òde. A tọ́jú owó oṣù púpọ̀, a lọ sí ìlú ńlá kan, a sì ra aago aláwọ̀ wúrà olórúkọ ńlá lọ́wọ́ ẹnìkan. Kí ọdún tó yípo, wúrà náà ti ṣí. Nígbà tí atún-aago-ṣe tú u, ó bú sẹ́rìn-ín: ayédèrú ni, ẹ̀rọ inú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti aago tí ojú tì wá láti wọ̀.

Nígbà tí àìsàn dá baba wa dùbúlẹ̀, wọ́n bọ́ aago náà kúrò ní ọwọ́ rẹ̀, wọ́n gbé e sí orí fèrèsé. Ní ọjọ́ kẹta a bá a tí ó ti dúró. Lẹ́yìn ìsìnkú, a wọ̀ ọ́, a ju apá ní ìgbà díẹ̀, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí rìn. Òun ni ó wà ní ọwọ́ wa bí a ti ń kọ èyí.

Ohun tí a rí kọ́

A kò sọ pé kí ọmọ ìlú wa tí Ọlọ́run bù kún má ra aago olówó gọbọi. Ẹni tí ó bá ṣiṣẹ́ kí ó jẹ èrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí a ń rà. Aago olówó gọbọi tí a fi irin ṣe tí a sì dán wò ní ilẹ̀ Switzerland lè fi ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan yẹ̀ ní ojúmọ́ kan. Aago oníbátìrì tí kò ju owó táṣẹ́rẹ́ lọ lè má yẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ọ̀sẹ̀ kan. Iyì àti iṣẹ́ ọwọ́ ni a ń fi owó ńlá rà. Àkókò ti wà ní ọwọ́ wa tẹ́lẹ̀, láti ìgbà àkùkọ.

Nítorí náà, a bẹ yín ní ohun méjì. Èkínní, ẹ má ṣe sọ àwọn aago àtijọ́ tí ó wà nínú àpótí àwọn baba yín nù. Ẹ bèèrè ẹni tí ó rà á, ọdún tí ó rà á, àti iṣẹ́ tí ó fi owó rẹ̀ rà á, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí ìtàn ìlú wà nínú rẹ̀. Èkejì, nígbà tí a bá tún pe ìpàdé fún aago mẹ́wàá, ẹ jẹ́ kí a dé ní aago mẹ́wàá. Àwọn àgbà tí a ń fi sílẹ̀ láti máa retí wa kò ní ọdún púpọ̀ tí wọn yóò fi ṣòfò.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ìlú Òkè-Ọ̀pin máa tẹ̀ síwájú, kí àkókò wa sì tù wá lára. Àmín.